Ẹnu kejì fún synth: bí a ṣe ń so pẹ́dà fílítà mọ́ synth ánálọ́ọ̀gì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú nǹkan kan. Ẹ fi ohùn àárín pe "u", ẹ má dá a dúró, kí ẹ wá máa la ẹnu díẹ̀díẹ̀: u, o, ọ, a. Ohùn yín kò gòkè, kò sì wálẹ̀. Ẹnu nìkan ló ń yí padà. Ẹ tún padà láti "a" sí "u", ẹ ó gbọ́ bí ohun tó mọ́lẹ̀ kedere ṣe ń ṣú díẹ̀díẹ̀. Iṣẹ́ tí fílítà ń ṣe nìyẹn. Àwa tí a ń fi àmì ohùn nìkan ya ọkọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ̀ ti mọ̀ láti kékeré pé ohùn yàtọ̀ sí fáwẹ̀lì. Nínú synth, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi iná dá ohùn orin sílẹ̀, apá tí wọ́n ń pè ní oscillator ló ń mú ohùn wá. Fílítà ló ń fi fáwẹ̀lì sí i.

Synth tí ẹ ní ti ní ẹnu tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Pẹ́dà fílítà, àpótí kékeré tí ẹ fẹ́ so mọ́ ọn láti ìta, ni ẹnu kejì. Bí ẹnu àkọ́kọ́ bá wà ní pípadé, kò sí ọ̀rọ̀ tó máa dé ọ̀dọ̀ ẹnu kejì.

Àbúrò kan láti Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ló jẹ́ kí n pinnu láti kọ èyí. Ó gbé Korg Volca Keys, synth kékeré kan, àti pẹ́dà fílítà wá sí yàrá tí mo ti ń gba orin sílẹ̀ níbí ní Òṣogbo, ojú rẹ̀ le koko. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Ó jọ pé pẹ́dà tó ti kú ni wọ́n tà fún mi. Bí mo ṣe yí i tó, kò sí nǹkan tó ń yí padà." Mo wo iwájú Volca náà. CUTOFF rẹ̀, nọ́bù tó ń sọ ibi tí fílítà ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í gé ohùn, kò tó ìdajì. Fílítà inú synth ti gé gbogbo ohun tí pẹ́dà ìbá rí gé. Mo yí i sí ọ̀tún títí ó fi dúró, mo ní kó tún tẹ bọ́tìnnì kan náà. Ó pariwo. Pẹ́dà náà kò ní àrùn kankan.

Ẹlòmíràn á béèrè pé kí ni fílítà kejì wà fún nígbà tí synth ti ní ọ̀kan. Fílítà kò jọra. Ti Volca Keys, tó jáde ní 2013, ń dín ohùn tó kọjá CUTOFF kù ní dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 12 (òun ni a fi ń wọn bí ohùn ṣe pọ̀ tó) ní ọ́kítéèfù kọ̀ọ̀kan, ìyẹn nígbàkígbà tí ohùn bá ga ní ìlọ́po méjì. Èyí tí Robert Moog, ará Amẹ́ríkà tó ń ṣe synth, ṣe, tó gba ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1969, ń dín in kù ní 24. Ọ̀kan ń ti ilẹ̀kùn jẹ́jẹ́, èkejì ń pa á dé gbàgà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọ̀pọ̀ pẹ́dà fílítà ní etí: wọ́n ń gbọ́ bí ẹ ṣe tẹ orin sí, wọ́n sì ń la ẹnu gẹ́gẹ́ bí ohun tí wọ́n gbọ́. Màá pẹ́ lórí ìyẹn tí a bá débẹ̀.

Iná ni kí ẹ kọ́kọ́ yanjú

Pẹ́dà púpọ̀ ń lo fóòtì 9. Synth kékeré púpọ̀ náà ń lo fóòtì 9. Ẹnu ṣájà wọn lè jọra débi pé tọ̀hún á wọ inú tibí wẹ́rẹ́. Ibẹ̀ ni ewu wà. Pẹ́dà gìtá bíi ti Boss fẹ́ kí nẹ́gétíìfù wà láàárín ẹnu ṣájà, kí pọ́sítíìfù wà ní eteetí. Volca Keys fẹ́ òdìkejì rẹ̀, pọ́sítíìfù láàárín. Moogerfooger MF-101, pẹ́dà fílítà tí Moog gbé jáde ní 1998 tí wọ́n sì dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró ní 2018, fẹ́ pọ́sítíìfù láàárín pẹ̀lú.

Ẹ wo ẹ̀yìn pẹ́dà àti ara ṣájà. Àwòrán kékeré kan wà níbẹ̀: ojú kan tó dúdú, tí nǹkan bí òṣùpá tó lanu yí ká, ìlà kan jáde lára ojú náà, òmíràn jáde lára òṣùpá, + àti − wà lórí wọn. Àmì tó bá so mọ́ ojú náà ni ti àárín. Bí ọ̀rọ̀ ara ṣájà bá ti pa rẹ́, ẹ lo mítà oníṣẹ́ iná. Ẹ gbé e sí DC, fóòtì 20, kí ẹ ki ẹnu pupa bọ inú ihò ṣájà, kí ẹ fi dúdú kan eteetí rẹ̀. Bí ó bá kọ 9, pọ́sítíìfù ló wà láàárín. Bí ó bá kọ −9, nẹ́gétíìfù ni. Bí ó bá kọ 13 nígbà tí wọ́n kọ 9 sí ara rẹ̀, ṣájà tí kò lè dá iná dúró sójú kan nìyẹn, ẹ má gbé e sún mọ́ pẹ́dà.

Ti mA, ìwọ̀n iná tí ṣájà lè gbé jáde, kò le. Pẹ́dà tó ní òun fẹ́ 300 mA kò ní jóná nítorí pé ṣájà lè fún un ní 1000. Ìwọ̀n tó bá nílò ni yóò fà. Kí ti ṣájà má kàn kéré sí ti pẹ́dà.

Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí pé ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Pẹ́dà àkọ́kọ́ tí mo rà, mo yá ṣájà kíbọọ̀dù kan fún un, fóòtì 12, pọ́sítíìfù láàárín. Ó wọlé dáadáa. Iná orí pẹ́dà kò tàn rárá, àmọ́ kí n tó fa wáyà náà yọ, òórùn ike tó ń jó ti gba gbogbo yàrá. Oṣù mélòó kan ni mo fi tọ́jú owó kí n tó rà á, ó sì dùn mí títí dòní.

Wáyà àti ọ̀nà tí ohùn ń gbà

Láti OUT synth sí IN pẹ́dà, láti OUT pẹ́dà sí míkísà tàbí sáùǹdì káàdì, àpótí tó ń gbé ohùn wọ kọ̀ǹpútà. Wáyà gìtá méjì tó. Ẹ yí fólúùmù míkísà wálẹ̀ pátápátá kí ẹ tó so ohunkóhun.

Volca ló gba àkíyèsí, nítorí ihò hẹ́dìfóònù kékeré onísítẹ́rìó ló ní. Bí ẹ bá ki jáàkì mono sínú rẹ̀, apá ọ̀tún á kan ìdí jáàkì tó jẹ́ ilẹ̀ iná, kò sì dára fún un. Ẹ wá wáyà tó jẹ́ sítẹ́rìó kékeré lápá kan, tó pín sí jáàkì ńlá méjì lápá kejì. Ẹ lo ti òsì, kí ẹ fi ti ọ̀tún sílẹ̀. Bí ẹ kò bá rí i rà, àwọn tó ń tún rédíò ṣe mọ bí a ṣe ń fi òjé lẹ̀ ẹ́ pọ̀ dáadáa, bí ẹ bá ṣáà ti júwe rẹ̀ fún wọn: orí jáàkì kékeré lọ sí orí jáàkì kan, òrùka rẹ̀ lọ sí orí èkejì, ìdí rẹ̀ lọ sí ìdí méjèèjì.

Ẹ fi aṣọ funfun lé aláró lọ́wọ́

Òṣogbo ìlú aró ni wá, ọ̀rọ̀ mi á yé yín. Aṣọ tó ti dúdú, bí ẹ bá tún rẹ ẹ́ sínú ìkòkò aró, kò sí ọnà tó máa hàn lára rẹ̀. Ohùn tí ẹ máa rán sí pẹ́dà gbọ́dọ̀ funfun: kí ó kún, kí ó mú, kí ẹnikẹ́ni má tíì gé nǹkan kan lára rẹ̀.

Lórí Volca Keys, CUTOFF lọ sí òpin ọ̀tún, PEAK (ohun tí pẹ́dà ń pè ní RESONANCE, a ó débẹ̀) sí òfo, EG INT (bí synth ṣe ń dá CUTOFF yí fúnra rẹ̀) sí òfo, SUSTAIN (ìwọ̀n tí ohùn ń dúró sí nígbà tí bọ́tìnnì ṣì wà ní títẹ̀) sí òpin. Ẹ pa delay rẹ̀, tó ń mú kí ìró padà wá. Lórí synth mìíràn, ẹ yan ìgbì sawtooth. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ ni pé gbogbo ọmọ ohùn ló wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá tẹ A ìsàlẹ̀, tó jẹ́ Hz 55 (ìgbì 55 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan), kì í ṣe 55 nìkan lẹ ń gbọ́. 110 wà níbẹ̀, 165, 220, 275, bẹ́ẹ̀ lọ sókè, wọ́n kàn ń kéré sí i ni. Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ni oúnjẹ fílítà. Ìgbì sine kò ní ọmọ kankan. Ẹ lè fi pẹ́dà tó dára jù láyé kàn án, bí kò bá ṣe pé ó dín kù, ẹ kò ní gbọ́ ìyàtọ̀.

Ẹ fi nǹkan kan tẹ bọ́tìnnì kan mọ́lẹ̀, tàbí kí ẹ fi sequencer, apá tó ń tẹ orin fúnra rẹ̀, mú ohùn kan máa lọ, kí ọwọ́ yín lè rí àyè yí nọ́bù.

Ìwọ̀n ohùn: ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń sọnù

Gìtá ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ pẹ́dà fún, ohùn tó ń jáde lára gìtá sì kéré gan-an. Synth ń pariwo jù ú lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Bí ẹ bá tú gbogbo rẹ̀ sínú pẹ́dà gìtá, yóò fọ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ fílítà rárá, ẹ ó sì máa rò pé fílítà náà ni kò dára.

Ohun tí mo máa ń ṣe nìyí. Mo máa ń ka ojú nọ́bù bí ojú aago. Mo gbé fólúùmù synth sí aago mẹ́sàn-án, mo ṣí CUTOFF pẹ́dà tán, RESONANCE wà ní òfo. Mo gbé míkísà sókè títí màá fi gbọ́ ohùn náà dáadáa. Lẹ́yìn náà mo ń gbé fólúùmù synth sókè jẹ́jẹ́, mo ń tẹ́tí sí etí ohùn náà, ibi tó ti mú. Ibi kan wà tí ó ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í sán, tí ó ń ní irun lára. Mo dúró níbẹ̀, mo dín in kù díẹ̀. Bí pẹ́dà yín bá ní nọ́bù DRIVE, tó ń pinnu bí ohùn tó ń wọ inú rẹ̀ ṣe máa pọ̀ tó, òun lẹ máa fi ṣe èyí, ẹ ó fi fólúùmù synth sí ibi tó dáa, kí ohùn má baà kéré débi tí ariwo wáyà á fi bò ó.

Irun yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ o. Fún béèsì, mo fẹ́ràn rẹ̀. Ó máa ń jẹ́ kí a gbọ́ béèsì nínú fóònù kékeré tí sípíkà rẹ̀ kò lè gbé Hz 55. Àmọ́ kí ó jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ fẹ́ ẹ.

Ẹ wá fi ẹsẹ̀ tẹ pẹ́dà, kí ẹ pa á, kí ẹ tún tàn án, ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin. Kí ìwọ̀n ohùn má yàtọ̀. Etí ènìyàn máa ń gbà pé èyí tó pariwo ló dùn jù, ìdí nìyẹn tí mo fi ń mú méjèèjì dọ́gba kí n tó dá ẹjọ́ kankan.

CUTOFF àti RESONANCE

Ẹ máa yí CUTOFF wálẹ̀, kí ó tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá láti òkè dé ilẹ̀. Ẹ má sáré. Ẹ ó gbọ́ "a", lẹ́yìn rẹ̀ "ọ", "o", kí ó tó di "u", kí ó tó di nǹkan tó ń kùn lábẹ́ ilẹ̀. Bí ẹ bá wà nínú ilé ní oṣù kẹjọ, tí ọdún Ọ̀ṣun ń lọ lọ́wọ́, tí fèrèsé yín wà ní títì, bẹ̀ǹbẹ́ ni ẹ máa gbọ́, ẹ kò ní gbọ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣí fèrèsé, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ á wọlé. CUTOFF ni fèrèsé yẹn.

Ká ní CUTOFF wà ní Hz 220 lórí fílítà oní-24. A ìsàlẹ̀ wa, 55, á kọjá, 110 á kọjá, 165 náà á rọ́nà gbà dáadáa. Ọmọ tó wà ní 440 ti wà ní ọ́kítéèfù kan lókè. Ìyàtọ̀ dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 24 jẹ́ kí ó ṣẹ́ kù nǹkan bí ìdá kan nínú 16. Ìdí rèé tí béèsì irú fílítà bẹ́ẹ̀ fi máa ń jókòó sí ìsàlẹ̀ orin láì dí akọrin lọ́wọ́. Bí pẹ́dà yín bá ní ibi tí wọ́n kọ 2-POLE àti 4-POLE sí, 4-POLE ni oní-24, 2-POLE ni oní-12. Mo máa ń lo 4 fún béèsì, 2 fún ohun tí mo fẹ́ kí ó ṣì dán díẹ̀.

RESONANCE ń gbé ohùn tó wà ní etí CUTOFF ga. Fáwẹ̀lì á wá hàn kedere, bí ẹni pé ènìyàn ń sọ̀rọ̀. Nǹkan méjì ni kí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀. Lórí fílítà bíi ti Moog, bí RESONANCE ṣe ń gòkè ni béèsì ń dín kù. Kì í ṣe pé etí yín ń tàn yín. Ẹ lo MIX láti da ohùn tí a kò tíì sẹ́ pọ̀ mọ́ ọn, tàbí kí ẹ fi RESONANCE sí nǹkan bí aago méjìlá, kí ẹ má kọjá ibẹ̀ tó bá jẹ́ béèsì lẹ ń ṣe. Èkejì, bí ó bá sún mọ́ òpin, fílítà fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í hu bí fèrè, bí ẹ kò tilẹ̀ tẹ nǹkan kan. Ẹ kọ́kọ́ dín míkísà kù, ẹ bọ́ hẹ́dìfóònù kúrò létí, kí ẹ tó dánwò débẹ̀.

Etí pẹ́dà

Ibi tí ọkàn mi wà gan-an la dé yìí. Ohun tí wọ́n ń pè ní envelope follower ń wọn bí ohùn tó wọlé ṣe pọ̀ tó, ó sì ń fi ìwọ̀n yẹn ti CUTOFF sókè. Tẹ̀ ẹ́ kíkan, ẹnu á là gbàgà. Tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, ẹnu á là díẹ̀. Onígìtá kò ní wàhálà, nítorí okùn gìtá máa ń dún gbì nígbà tí ó bá fà á, ó sì máa ń kú fúnra rẹ̀. Synth kì í kú. Bí SUSTAIN bá wà ní òpin, ohùn á dúró sójú kan, etí pẹ́dà kò ní gbọ́ ìgòkè, kò ní gbọ́ ìsọ̀kalẹ̀, CUTOFF á lọ sókè lẹ́ẹ̀kan, á jókòó síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ti tìtorí èyí sọ pé envelope follower kò bá synth lò. Ó bá a lò. Àwa la gbọ́dọ̀ kọ́ synth bí wọ́n ṣe ń kú.

Lórí synth, ẹ gbé ATTACK (àkókò tí ohùn fi ń gòkè) sí òfo, DECAY/RELEASE (àkókò tí ó fi ń rọ) sí nǹkan bí aago mẹ́wàá, SUSTAIN sí ìsàlẹ̀. Ohùn á wá di gbì, á rọ. Lórí pẹ́dà, ẹ yí CUTOFF wálẹ̀ títí ohùn á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mọ́, RESONANCE sí aago kan tàbí méjì. Ẹ wá máa gbé AMOUNT, tó ń sọ bí etí pẹ́dà ṣe máa ti CUTOFF tó, sókè díẹ̀díẹ̀.

Ẹ tẹ ohùn mẹ́rin kúkúrú, kí àyè wà láàárín wọn, lẹ́yìn náà ọ̀kan gígùn. Èyí tó kúrú á sọ pé "wá". Wá, wá, wá, wá. Èyí tó gùn á sọ pé "wáọọu", á la ẹnu, á sì rọra pa á dé. Nígbà tí àbúrò mi yẹn gbọ́ ọ, ó gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì, ó ń wo pẹ́dà náà bí ẹni pé ẹnìkan ló dá a lóhùn.

Àyè àárín ohùn ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ. Bí ẹ bá fa ohùn kan lé òmíràn láì jẹ́ kí èyí àkọ́kọ́ rọ, etí pẹ́dà kò ní mọ̀ pé nǹkan tuntun dé, "wá" kejì kò sì ní jáde. Bọ́tìnnì Volca Keys kò mọ títẹ̀ kíkan yàtọ̀ sí títẹ̀ jẹ́jẹ́, nítorí náà gígùn ohùn àti àyè àárín rẹ̀ nìkan ni ohun èlò tí ẹ ní. Ẹ ronú bí onídùndún ṣe ń jẹ́ kí awọ sinmi kí ó tó tún lù ú.

Bí pẹ́dà bá ní FAST àti SMOOTH, FAST máa ń mú ohùn já ṣáṣá, ó sì lè máa gbọ̀n lórí béèsì tó wálẹ̀ gan-an, torí pé ó ń gbìyànjú láti tẹ̀lé ìgbì kọ̀ọ̀kan. SMOOTH kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ti rí ibi tó dùn, ẹ má fọwọ́ kan fólúùmù synth mọ́: ohun tó ń wọ etí pẹ́dà nìyẹn, bí ẹ bá yí i, gbogbo "wá" yín á di "wú". Bí orin bá kéré jù fún àwọn èrò, míkísà ni kí ẹ gbé sókè.

Àwọn nǹkan mìíràn tó máa yọjú

Bí synth yín bá ń dún ohùn mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, bíi Korg Minilogue, ohùn kọ̀ọ̀kan ní fílítà tirẹ̀ nínú. Pẹ́dà kò ní ju ẹyọ kan lọ fún gbogbo wọn. Ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin inú kọ́ọ̀dù á la ẹnu pọ̀, wọ́n á pa á dé pọ̀. Ó dára fún kọ́ọ̀dù tó ń lọ fẹ̀ẹ̀rẹ̀fẹ̀. Kò dára bí ẹ bá fẹ́ kí ohùn kọ̀ọ̀kan ní ìgbésí ayé tirẹ̀.

Expression pedal, tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ síwá sẹ́yìn, máa ń gba iṣẹ́ CUTOFF lọ́wọ́ yín, ọwọ́ méjèèjì á wá ráàyè tẹ orin. Àmọ́ àwọn tó ń ṣe é kì í so orí àti òrùka jáàkì rẹ̀ bákan náà, nítorí náà bí ó bá ń ṣiṣẹ́ lódìlódì tàbí ní òpin nìkan, kò bàjẹ́; ti ilé-iṣẹ́ mìíràn ni pẹ́dà yín ń fẹ́. Ihò kan náà lórí MF-101 ń gba CV, iná tí ẹ̀rọ kan fi ń darí òmíràn, láti fóòtì 0 sí 5, nítorí náà synth tó ní CV OUT lè máa bá yín yí CUTOFF náà.

Delay àti reverb (ìró bí ti yàrá ńlá), ẹ̀yìn fílítà ni mo ń fi wọ́n sí. Bí ẹ bá fi wọ́n síwájú, etí pẹ́dà á máa gbọ́ ìró tó ń padà wá, kò ní mọ ìgbà tí ohùn rọ.

Bí nǹkan bá ń kùn, ẹ so synth, pẹ́dà, míkísà àti kọ̀ǹpútà mọ́ ẹkíténṣọ̀n kan ṣoṣo. Ẹ gbé wáyà ohùn jìnnà sí wáyà iná. Bí wọ́n bá gbọ́dọ̀ pàdé, kí wọ́n dábùú ara wọn, kí wọ́n má sùn tira wọn. Ẹ yọ ṣájà kọ̀ǹpútà fún ìṣẹ́jú kan kí ẹ gbọ́ bóyá òun ni. Ínfátà olówó pọ́ọ́kú àti jẹnẹrétọ̀ kékeré máa ń mú ariwo wá, mo sì máa ń lo bátìrì fún Volca nígbà tí mo bá fẹ́ gba ohùn tó mọ́. Ẹ má gé ẹsẹ̀ kẹta kúrò lára púlọ́ọ̀gì láti fi lé ariwo lọ. Ẹsẹ̀ yẹn ló ń gba ẹ̀mí ènìyàn là.

Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ gba orin sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ gba synth láì sí pẹ́dà. Lẹ́yìn náà, ẹ rán an láti OUT sáùǹdì káàdì sínú pẹ́dà, kí pẹ́dà padà sí IN, kí ẹ gba a sórí ìlà mìíràn. Ohùn OUT sáùǹdì káàdì náà pọ̀ fún pẹ́dà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí a ṣe ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Orin á máa tẹ ara rẹ̀, ọwọ́ méjèèjì á wà lórí pẹ́dà, ọ̀kan lórí CUTOFF, ọ̀kan lórí RESONANCE. Bí iná bá lọ láàárín rẹ̀, orin tí ẹ tẹ̀ ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà, ẹ ó tún un rán nígbà tí ó bá dé.